Lẹ́tà Heinrich Schenker Lọ́wọ́ Olùkọ́ Orin ní Ifẹ̀: Ohun Tí Mo Rí Nínú Schenker Documents Online

Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ohun tí ẹ̀yin olùkọ́ orin ní Ifẹ̀ àti Iléṣà máa kọ́kọ́ bi mí nìyẹn. Kò sí owó oṣù, wọn ò ní kí ẹ fi káàdì bánkì yín sílẹ̀, wọn ò sì ní fi ojú ewé méjì tàn yín kí wọ́n tó ní ẹ sanwó ìyókù. Ẹni tó bá ti ní fóònù àti dátà díẹ̀ ti lè wọ ìkànnì Schenker Documents Online. Lẹ́tà, ìwé ìrántí ojoojúmọ́ àti àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ Heinrich Schenker ló wà níbẹ̀, ọkùnrin tó ń kọ́ni ní dùrù àti tíórì orin nínú ilé rẹ̀ ní Vienna títí tó fi kú ní January 1935.

Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní tíórì orin ní Lágere, mo sì ń tẹ dùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà ń múra ìdánwò, àwọn kan fẹ́ wọ ẹ̀ka orin ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àwọn mìíràn kàn fẹ́ràn orin ni. Ẹni tó bá ti jókòó ní kíláàsì ìtúpalẹ̀ orin rí á ti gbọ́ orúkọ Schenker. Bí wọ́n ṣe máa ń mú un wá fún wa ni pé wọ́n á gbé àwòrán tó kún fún ìlà gígùn àti àmì wẹ́wẹ́ síwájú wa, wọ́n á ní ká há a sórí. Èrò tèmi ni pé lẹ́tà rẹ̀ ló yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀. Inú lẹ́tà lèèyàn ti máa rí olùkọ́ tó ń ronú, tó ń bínú, tó ń ṣàníyàn owó, tó ń fi sùúrù tún iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ṣe.

Fún ẹ̀yin tí orúkọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàn létí: Schenker gbà pé bó ti wù kí orin ńlá kan gùn tó, tí a bá ń yọ ọ̀ṣọ́ inú rẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀, a máa kan ìlà kékeré kan tó ń sọ̀ kalẹ̀, m r d, nígbà tí báàsì ń ti d lọ sí s, tó sì tún padà sí d. Ìlà òkè yẹn ló pè ní Urlinie. Òun àti báàsì rẹ̀ pa pọ̀ ló pè ní Ursatz. Nígbà mìíràn ìlà náà lè ti s bẹ̀rẹ̀, tàbí kó ti d òkè wá. Mo máa ń kọ ọ́ ní sólùfá sójú pátákó, àwọn ọmọ kékeré inú ẹgbẹ́ akọrin á sì fi ohùn kọ ọ́ láìbẹ̀rù. Àárín ni iṣẹ́ wà: báwo ni Haydn tàbí Beethoven ṣe mú m yẹn dání fún odidi ojú ewé mẹ́ta, tó ń fi oríṣiríṣi nǹkan dá a lára, kó tó jẹ́ kó bọ́ sórí r? Ó gba Schenker ní bí ọgbọ̀n ọdún kó tó kó èrò yìí jọ tán, láti ìgbà tí ìwé rẹ̀ lórí harmony jáde ní 1906 láìsí orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀, títí dé ìwé tó kẹ́yìn, Der freie Satz, tó jáde ní 1935 lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ní 1868 ni wọ́n bí i ní Wiśniowczyk ní Galicia, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ìjọba Ọ́stríà nígbà náà. Ọmọ Júù ni. Òfin ló kà gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Vienna, ó sì tún jókòó ní kíláàsì Bruckner, aṣẹ̀dá orin ńlá, ní ilé ẹ̀kọ́ orin ìlú náà. Kò di ipò olùkọ́ mú ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kankan. Ilé ló ti ń kọ́ni, ní Reisnerstrasse, lẹ́yìn náà ní Keilgasse 8 láti 1921. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sanwó, ó sì ń kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe lọ́jọ́ yẹn sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní pálọ̀ yín bíi tèmi, ẹ wo àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ yẹn dáadáa. Kò sí ohun tó fi hàn mí bẹ́ẹ̀ rí pé iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ olùkọ́ orin inú ilé.

Ẹ lè fi orúkọ ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà sí wá a, ẹ sì lè fi ọjọ́ wá a. Tí ẹ bá ṣí ọ̀kan, èdè Jámánì tí wọ́n fi kọ ọ́ wà níbẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àlàyé àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà sì tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá pàdé orúkọ tí ẹ kò mọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, ìtàn ìgbésí ayé ẹni náà ní ṣókí á yọ. Ian Bent ló dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ọ́stríà àti Amẹ́ríkà sì ti dá sí i. Ó hàn lójú iṣẹ́ náà pé wọn ò fi ìkánjú ṣe é.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá ni Felix-Eberhard von Cube. Ọmọ Jámánì ni. Ó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Schenker ní Vienna ní àárín àwọn ọdún 1920, ó padà sí Duisburg láti máa kọ́ni, lẹ́yìn náà ó gba Hamburg lọ. Lẹ́yìn tó kúrò, ẹ̀kọ́ ò dúró. Á tú orin palẹ̀, á ya àwòrán ìtúpalẹ̀ rẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ ní Vienna, Schenker á sì dá a padà pẹ̀lú àtúnṣe. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé Schenker kì í fi sísọ ibi tó dáa tàbí ibi tí kò dáa nìkan mọ. Ó ń wo ibi tí ohùn ń lọ. Ó ń bi í léèrè pé nínú àwọn nóòtì tó tò síbẹ̀ yìí, èwo ló ń gbé orin náà ró, èwo ló kàn ń kọjá lọ?

Mo ní ọmọ kan ní Iléṣà tí èmi náà ń kọ́ lókèèrè. Ó máa ń ya fọ́tò iṣẹ́ rẹ̀ sí mi lórí WhatsApp: “Ẹ káàsán mà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wo báàsì yìí.” Orin ìyìn ló kọ ní ohùn mẹ́rin. Báàsì wà lórí d, tẹ́nọ̀ wà lórí s. Báàsì gòkè sí r, tẹ́nọ̀ náà bá a gòkè sí l. Gbogbo olùkọ́ tíórì ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: fifth méjì (ohùn méjì tó jìnnà síra bíi d sí s) tẹ̀ lé ara wọn, ohun tí òfin ohùn mẹ́rin kò gbà. Bírò pupa lè yí i ká ní ìṣẹ́jú kan kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ìbéèrè ni mo kọ sí i: “Báàsì rẹ yìí, ibo ló ń lọ?” Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó fèsì, ó ní, “S ni mà.” Mo ní ó dáa, tó bá jẹ́ s ló ń lọ, a jẹ́ pé ojú ọ̀nà ni r yẹn wà, bí báàsì ṣe ń gòkè bọ̀, jẹ́ kí tẹ́nọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí f pàdé rẹ̀. Ó tún un kọ, ó kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ jọ, ó gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù, ó fi ránṣẹ́ sí mi. Orin náà dùn. Ó yé e débi pé nínú iṣẹ́ tó tún ṣe lẹ́yìn náà, ó ti kọ ibi tí báàsì ń lọ sí ìsàlẹ̀ kó tó fi ohùn kankan lé e. Ọ̀dọ̀ Schenker àti Cube ni mo ti rí irú ìbéèrè yẹn.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún wà níbẹ̀. August Halm, olùkọ́ àti aṣẹ̀dá orin ní Jámánì, fẹ́ràn Bruckner gan-an, ó tilẹ̀ kọ ìwé lórí àwọn symphony rẹ̀ ní 1914. Schenker tó jókòó níwájú Bruckner fúnra rẹ̀ kò gbà pé ó tó bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì jiyàn rẹ̀ nínú lẹ́tà, ọ̀wọ̀ ò sì kúrò láàárín wọn. Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀gá akọrin wa tí wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí ìyàtọ̀ lórí bí ó ṣe yẹ ká kọ orin kan ka lẹ́tà wọ̀nyẹn.

Wilhelm Furtwängler, adarí ọ́kẹ́sírà tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri Yúróòpù, bá ìwé tí Schenker kọ lórí Symphony Kẹsàn-án ti Beethoven pàdé nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Lübeck. Ọdún 1912 ni ìwé náà jáde. Nígbà tí wọ́n wá mọ ara wọn ní Vienna, ó máa ń lọ bá a kí wọ́n jọ yẹ orin tó fẹ́ darí wò. Ọ̀gá ńlá tí ń dúró níwájú ọ́kẹ́sírà Berlin ń lọ jókòó sí pálọ̀ olùkọ́! Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ akọrin bá ní òun ti kọjá tíórì.

Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ fẹ́ràn ti Anthony van Hoboken jù. Tí ẹ bá ti tẹ Haydn fún ìdánwò rí, ẹ ti rí “Hob. XVI” lórí ìwé yín. Hoboken yẹn ni, ọmọ Netherlands tó lówó lọ́wọ́, tó wá di akẹ́kọ̀ọ́ Schenker. Òun ló wá to gbogbo iṣẹ́ Haydn lẹ́sẹẹsẹ lẹ́yìn náà. Ní 1927, nípa ìṣírí Schenker, ó dá ibi ìkó-fọ́tò-pamọ́ sílẹ̀ ní ilé ìkàwé ìjọba Ọ́stríà, níbi tí wọ́n ti ń kó fọ́tò ìwé àfọwọ́kọ àwọn ọ̀gá olórin jọ, kí ẹni tó bá fẹ́ tẹ orin jáde lè fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí Beethoven tàbí Haydn kọ gan-an. Nígbà tí mo sọ èyí fún wọn, ọmọdébìnrin kan gbé ìwé orin rẹ̀, ó ń wá “Hob.” kiri bí ẹni ń wá owó tó jábọ́.

Hans Weisse gbé ẹ̀kọ́ náà lọ sí New York ní 1931, ní ilé ẹ̀kọ́ orin David Mannes, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ayé mọ̀ nípa Schenker lónìí sì ti ọ̀nà yẹn wá. Moriz Violin, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ tó ń pè ní “Floriz”, ló jẹ́ kí n rí i bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tí kò wọ agbádá olùkọ́. Ti Emil Hertzka, ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé Universal Edition, gbọ́nmi-si-omi-ò-to ni látòkè délẹ̀: Schenker ń fura pé wọn ò ta ìwé àtìgbàdégbà rẹ̀, Der Tonwille, bó ṣe yẹ, Hertzka ò sì fẹ́ kó máa bú àwọn èèyàn nínú ohun tí òun ń tẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ lọ́yà.

Ẹni tí àwọn olùkọ́ wa kì í dárúkọ rárá ni Jeanette, ìyàwó rẹ̀, tó fẹ́ ní 1919. Ìwé ọwọ́ Schenker ṣòroó kà. Ọ̀pọ̀ nínú lẹ́tà àti ìwé ìrántí yẹn, òun ló ń sọ ọ́ lẹ́nu, Jeanette ló ń kọ ọ́. Lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, nígbà tí àwọn Násì gba Ọ́stríà ní 1938, ó fa apá kan nínú ìwé náà lé Ernst Oster, onímọ̀ tíórì orin, lọ́wọ́, tó gbé e sá lọ sí Amẹ́ríkà. Ilé ìkàwé gbogbogbòò ti New York ló wà báyìí. Apá kejì wà lọ́dọ̀ Erwin Ratz, ọ̀mọ̀wé orin ní Vienna, òun ló wá fún Oswald Jonas, akẹ́kọ̀ọ́ Schenker; ó wà ní Yunifásítì California ní Riverside báyìí. Jeanette ò sá. Wọ́n kó o lọ sí àgọ́ Theresienstadt ní 1942, ibẹ̀ ló kú sí ní January 1945. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń ka lẹ́tà kan tó dùn lórí ìkànnì yìí, mo máa ń rántí ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ká mi lára rèé. Sí Cube kan náà yìí ni Schenker kọ lẹ́tà ní 14 May 1933, tó ti yin Hitler pé ó pa Marxism rẹ́, tó sì ní ì bá dára kí ẹnì kan dìde tí yóò ṣe irú rẹ̀ fún àwọn Marxist inú orin. Ọmọ Júù ló kọ ọ́. Ọkọ Jeanette ló kọ ọ́. Wọn ò gé e kúrò lórí ìkànnì náà, wọn ò sì fi àlàyé dídùn bò ó. Àwa tí a jẹ́ aláwọ̀ dúdú náà ní tiwa níbẹ̀: láti ìwé Tonwille àkọ́kọ́ ní 1921 ló ti ń sọ ọ̀rọ̀ àbùkù sí àwọn ọmọ ogun Senegal tí Faransé kó lọ sí agbègbè odò Rhine. Ní 2019, Philip Ewell, ọ̀mọ̀wé orin aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, dìde níwájú àpéjọ àwọn onímọ̀ tíórì orin, ó ní èrò ọkùnrin yìí lórí ẹ̀yà àti èrò rẹ̀ lórí orin so mọ́ra ju bí wọ́n ṣe ń kọ́ni lọ. Ariwo ńlá sọ lẹ́yìn rẹ̀.

Èmi gbà pé Ewell sọ òótọ́ tó yẹ kí wọ́n ti sọ tipẹ́. Mi ò sì ní tìtorí ẹ̀ da lẹ́tà wọ̀nyí nù. Mo máa ń ka ti 1933 fún àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀, mo máa ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Jeanette fún wọn, lẹ́yìn náà a óò padà sí báàsì wa. Mo ń lo m r d rẹ̀ níbi tó bá ti ṣiṣẹ́: lára Haydn, lára orin ìyìn tí àwọn òyìnbó gbé wá. Àwọn ọ̀gá tó fi gbé èrò rẹ̀ kalẹ̀ kò pọ̀, ará Jámánì àti Ọ́stríà ló pọ̀ jù nínú wọn, ó wá fi Chopin àti Scarlatti kún un. Orin tiwa, tí ẹnì kan ń lé tí àwọn yòókù ń gbè, tí ohùn ọ̀rọ̀ ló ń darí ibi tí orin gbà, kò jẹ ẹ́ ní gbèsè pé kó sọ̀ kalẹ̀ wá sórí d. Mo máa ń sọ ọ́ fún wọn láìfi sábẹ́ ahọ́n: tí Ursatz ò bá bá orin àwọn ìyá wa mu, Ursatz ni kò tó gbogbo orin ayé.

Ìkànnì yìí tún jẹ́ kí n máa ronú nípa tiwa. Thomas Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips tẹ dùrù ní Kàtídírà Marina ní Èkó láti 1914 títí di 1962, ó kọ́ Fẹlá Ṣówándé, ó kọ́ Ayọ̀ Bánkọ́lé. Tí lẹ́tà bá kọjá láàárín irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ àti àwọn ọmọ tó kọ́ nígbà tí wọ́n lọ sí London, mo fẹ́ kà á ju ti ẹnikẹ́ni ní Vienna lọ. Ọ̀gá akọrin pọ̀ tó ti sùn ní Ifẹ̀, ní Iléṣà, ní Ìjẹ̀bú, tí àpótí wọn ṣì wà nínú yàrá. Ẹ̀yin ọmọ wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta ìwé inú rẹ̀ fún ẹlẹ́kọ. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kó tó di pé ikán dé ibẹ̀.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ìràwọ̀ kan tí mo yọ, mo yọ ọ́ nítorí pé gbogbo lẹ́tà kọ́ ló tíì wà níbẹ̀, àti pé ẹni tí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Jámánì dáadáa máa nílò ẹni tó máa bá a kà á. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí náà kì í jẹ dátà bíi fídíò. Mo máa ń ṣí ojú ewé tí mo fẹ́ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dáa, kí n lè kà á tí iná bá lọ. Tí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọmọ fi bírò sàmì sí i, ẹ tẹ èyí tí ẹ nílò sórí bébà ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì ní Campus Gate. Ẹ fi orúkọ Cube bẹ̀rẹ̀, kí ẹ ka ti akẹ́kọ̀ọ́ àti ti olùkọ́ pọ̀, ní tẹ̀léǹtẹ̀lé ọjọ́ tí wọ́n kọ wọ́n. Tí ẹ bá kúrò níbẹ̀, ẹ lọ sọ́dọ̀ Violin, Halm àti Weisse. Ti Hertzka, ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá ní sùúrù fún ọ̀rọ̀ owó àti lọ́yà.